Bí A Ṣe Ń Wọn Àlàfo Fáàfù Ọ̀kadà Nílé

Bí orí ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà bá ń ké tẹkẹ-tẹkẹ, ọkàn ẹni tó ni ín kì í balẹ̀. Yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ìyẹn á ṣí i, á fi sípánà yí nǹkan díẹ̀, ariwo á sì parẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dúpẹ́. Fáàfù tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lè máa ba ara rẹ̀ jẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀, nígbà tí èyí tó ń ké díẹ̀ wà ní àlàáfíà. Bí ẹ bá lóye ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe iṣẹ́ yìí nílé.

Ẹ jẹ́ ká mú Honda CG125 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ihò méjì ló wà lórí ẹ́ńjìnnì rẹ̀: epo àti atẹ́gùn ń gba ọ̀kan wọlé, èéfín ń gba èkejì jáde lọ sínú sàlẹ́ńsà. Irin tó ń ṣí ihò kọ̀ọ̀kan tó sì ń dé e ni fáàfù. Ọ̀pá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ. Fáàfù ìwọlé la ó máa pe ti àkọ́kọ́, ká pe èkejì ní fáàfù ìjáde. Sípíríǹgì ló ń fa fáàfù padà sí dídé. Irin kan tó ń ṣe sókè sódò, tí wọ́n ń pè ní rọ́kà, ló ń tẹ̀ ẹ́ ṣí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 2,000 ni fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí.

Nígbà tí fáàfù bá wà ní dídé, àlàfo tín-ín-rín kan gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹnu rọ́kà àti orí ọ̀pá fáàfù. Ti CG125 jẹ́ 0.08 mìlímítà fún fáàfù méjèèjì, bí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ooru ló fà á tí a fi ń fi àyè yìí sílẹ̀, nítorí irin máa ń gùn sí i bó bá gbóná. Ẹ ti rí ilẹ̀kùn pákó tí òjò mú wú rí: bó ti wù kí ẹ tì í tó, kò ní wọ férémù rẹ̀ mọ́, atẹ́gùn á sì máa gba etí rẹ̀ wọlé. Bí fáàfù tí kò ní àlàfo ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Ọ̀pá rẹ̀ ti gùn kan rọ́kà, kò sì lè jókòó dáadáa sórí ìjókòó rẹ̀, ìyẹn etí ihò tó yẹ kó dé.

Fáàfù ìjáde ló ń jìyà rẹ̀ jù. Èéfín tó gbóná janjan ló ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, orí ìjókòó náà ló sì ti ń rí ìtura: bó bá ti dé délẹ̀, ooru ara rẹ̀ á gba ibẹ̀ lọ. Bí kò bá dé délẹ̀, ooru kò ríbi gbà, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹ kò ní gbọ́ ohunkóhun. Ohun tí ẹ máa rí ni pé ọ̀kadà ń ṣòro láti sítáàtì, agbára rẹ̀ kò gun òkè mọ́, bí ẹ bá sì dúró díẹ̀, á fẹ́ kú. Àlàfo tó pọ̀ jù náà kò dára, torí rọ́kà á máa gbá orí fáàfù, fáàfù kò sì ní ṣí tó. Ṣùgbọ́n ìyẹn á ké, ẹ ó gbọ́.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ ọn rárá kí wọ́n máa fi etí sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe ń pe iṣẹ́ yìí ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sí etí tó lè wọn 0.08. Ẹ ra fílágéèjì: àwọn ewé irin pẹlẹbẹ tí wọ́n so pọ̀, tí wọ́n kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó sí lára. Ewé ìwọn la ó máa pè é.

Kí ẹ tó náwó, ẹ wò ó bóyá ọ̀kadà yín tilẹ̀ ní irú fáàfù yìí. Suzuki AX100, tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, kò ní in. Ìwọ̀n sì yàtọ̀ láti ọ̀kadà kan sí èkejì. Inú ìwé tó bá a wá ni kí ẹ ti wò ó. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, àlàfo ti ìjáde máa ń fẹ̀ ju ti ìwọlé lọ.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ ṣe é, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọ̀kadà jáde. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ohun tí ẹ bá wọ̀n kì í ṣe òótọ́.

Ẹ gbé e sórí sítáǹdì ńlá. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì nu orí ẹ́ńjìnnì mọ́ tónítóní, torí iyanrìn tó bá já sínú rẹ̀ á bá ọ́ìlì rìn káàkiri. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì kí ẹ́ńjìnnì lè yí wẹ́rẹ́. Ẹ tú ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì ṣọ́ rọ́bà tàbí gásíkẹ̀ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀ kó má ya.

Ibi tó kàn ló máa ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn rú. Ìgbà tí fáàfù méjèèjì bá dé pátápátá la lè wọn àlàfo, ìyẹn nígbà tí písítìnì bá gun téńté òkè láti fún epo àti atẹ́gùn pọ̀. Ṣùgbọ́n písítìnì tún máa ń gun òkè láti ti èéfín jáde, tiwa kọ́ nìyẹn. Ẹ ṣí ìdérí màgínẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ ó rí ìlà méjì lára màgínẹ́ẹ̀tì náà, ọ̀kan ní lẹ́tà F, èkejì ní T. F ló ń kọ́kọ́ yọjú, ẹlòmíràn á sì dúró síbẹ̀. Ibi tí pílọ́ọ̀gì ti ń ta iná ni. T ni ká wá. Ẹ fi jíà tó ga jù sí i, kí ẹ máa fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn síwájú díẹ̀díẹ̀. Ẹ tẹjú mọ́ fáàfù ìwọlé, èyí tó wà níhà kabúrétọ̀: yóò wọlẹ̀, yóò sì gòkè padà. T tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ dúró sí, kí ìlà rẹ̀ bá àmì ara ẹ́ńjìnnì mu. Ẹ wá fi ìka mi rọ́kà méjèèjì. Ó yẹ kí wọ́n mì díẹ̀. Bí ọ̀kan bá le gan-in, ẹ yí i títí T yóò tún fi dé, kí ẹ tún mì í wò. Bó bá ṣì le síbẹ̀, fáàfù yẹn ti pàdánù àlàfo rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ti ewé ìwọn 0.08 bọ àárín ẹnu rọ́kà àti orí fáàfù. Ó yẹ kó wọlé, kó sì máa di yín lọ́wọ́ díẹ̀ bí ẹ ti ń fà á jáde. Ewé 0.05 gbọ́dọ̀ wọlé láìdi ohunkóhun, 0.10 kò gbọdọ̀ wọlé.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wo ẹnu rọ́kà. Sukúrù kékeré kan wà níbẹ̀ tí nọ́ọ̀tì dè mọ́lẹ̀. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì náà, ẹ fi ewé 0.08 sílẹ̀ nínú àlàfo, kí ẹ yí sukúrù títí ewé yóò fi máa di díẹ̀. Ẹ wá di sukúrù mú gírígírí kó má yí, kí ẹ fún nọ́ọ̀tì padà. Fífún nọ́ọ̀tì máa ń sún sukúrù díẹ̀, kódà lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́ dunjú, nítorí náà ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bó bá ti yẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ọ̀tì. Ẹ ṣe ti fáàfù kejì, ẹ yí ẹ́ńjìnnì dáadáa, kí ẹ tún wọn méjèèjì ní T tó yẹ kí ẹ tó dé e.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ lásán yí pílọ́ọ̀gì wọlé, torí ojú ihò rẹ̀ rọ̀, sípánà lè bà á jẹ́. Bí ẹ bá sítáàtì, ẹ lè gbọ́ ìró kékeré tó ń lọ déédéé. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ ohun tí ẹ bá nílẹ̀ sínú ìwé, kì í ṣe ohun tí ẹ sẹ́ẹ̀tì sí nìkan. Bí àlàfo fáàfù ìjáde bá ti tún fún nígbà tí ẹ bá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, tó tún fún lẹ́yìn náà, fáàfù ń jẹ ìjókòó rẹ̀ wọlẹ̀ nìyẹn. Sukúrù kò lè wo ìyẹn sàn. Ẹ gbé e fún mẹkáníìkì kó ṣí orí ẹ́ńjìnnì, kí fáàfù tó jó.