Ẹranko Ayé Àtijọ́ Nínú Àgbàlá Wa



Ní ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí a parí àsálátù ní Ọ̀wọ̀ níhìn-ín, ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 7, lọ́wọ́ wá bá mi. Ó ní, "Àfáà, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Ó rí àwòrán ẹranko kan nínú fóònù, ó ń pè é ní dáínósọ̀. Mo ní irọ́ ni, kò gbà. Ó wá ń bi mí pé bí ó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ni ó dá a, kí ló dé tí wọn kò sọ ọ́ fún òun ní ilé kéwú?"

Mo ní, "Ìyá wa, bí a bá sọ fún un lónìí pé irọ́ ni, tí olùkọ́ sì fi egungun rẹ̀ hàn án lọ́la, kín ni yóò rò nípa ohun yòókù tí a ti kọ́ ọ?" Ìyá náà dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìyá kan ṣoṣo. Àwọn bàbá wa bẹ̀rù pé ìwé yóò gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ ọmọ. Nítorí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, kí kéwú àti ìwé lè máa gbé inú ilé kan. Kí àwa náà má ṣe tú wọn ká.

Dáínósọ̀ kì í ṣe irọ́. Nínú aṣálẹ̀ Ténéré ní ilẹ̀ Niger, aládùúgbò wa ní àríwá, ni a ti wú egungun wọn tí ó ti di òkúta. Ọ̀gbẹ́ni Philippe Taquet, ará Faransé, wà lára àwọn tí ó wú wọn láàárín 1965 sí 1972. Ọ̀kan nínú wọn ni Nigersaurus, tí eyín rẹ̀ lé ní 500, tí ó sì ń jẹ ewéko ilẹ̀ bí màlúù. Òmíràn ni Suchomimus, tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ti ọ̀nì, tí ó sì ń pa ẹja jẹ.

Ní ti ìbéèrè ọmọ náà, Súúrà An-Nahl dárúkọ ẹṣin, ìbaaka àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, lẹ́yìn náà ó fi yé wa pé Ọlọ́run ń dá ohun tí àwa kò mọ̀. Ìdáhùn náà tó.

Ṣùgbọ́n etí ọmọdé kì í gba ẹ̀kọ́ bí ọwọ́ rẹ̀. Ẹ gbìyànjú nǹkan mẹ́rin yìí nínú àgbàlá yín.

Èkínní, bí ẹ bá se adìẹ, ẹ fọ egungun rẹ̀ mọ́, kí ẹ sá a sí oòrùn. Ẹ po amọ̀ mọ́ iyanrìn nínú àwo àtijọ́, ẹ bo egungun náà mọ́ inú rẹ̀, kí ó sì gbẹ fún ọjọ́ 2. Ẹ fún ọmọ ní ṣíbí àti ìyẹ́ adìẹ, kí ó máa gbá erùpẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Kí ó má fa egungun yọ kí ó tó sọ ibi tí ó wà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn awalẹ̀ ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni Ekpo Eyo ṣe ní Igbó'Lájà, nínú Ọ̀wọ̀ wa níbí, ní 1971, nígbà tí ó hú àwọn ère amọ̀ tí ó ti lé ní 500 ọdún. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ sún mọ́ egungun wẹ́wẹ́, kí ó má baà gbé e mì.

Èkejì, ẹ tẹ ìkarahun ìgbín mọ́ amọ̀ tútù, kí ẹ sì yọ ọ́. Ìgbín ti lọ, ojú rẹ̀ kù. Ẹ wá sọ fún ọmọ pé bí ẹrẹ̀ ti bo ẹranko nìyẹn, tí omi inú ilẹ̀ sì sọ egungun di òkúta. Bí ó bá bèèrè bóyá ó wà lábẹ́ ilé yín, ẹ sọ òótọ́ fún un: àwọn òkúta líle Ọ̀wọ̀ ti wà tipẹ́ kí Ọlọ́run tó dá dáínósọ̀, a kì í sì í rí egungun wọn nínú irú òkúta bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ, ẹ na aṣọ yáàdì 10 sílẹ̀ nínú àgbàlá. Bí Nigersaurus ti gùn tó nìyẹn, láti imú dé ìrù. Yáàdì 12 ni ti Suchomimus. Kí ọmọ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò mọ bí òun ti kéré tó.

Ẹ̀kẹrin, ẹ to hóró àgbàdo 110 sí ìlà kan. Hóró kan dúró fún mílíọ̀nù kan ọdún. Ibi tí ó bá di 66 ni àwọn dáínósọ̀ ńlá parí. Iye yẹn jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta tẹ̀sùbáà ẹlẹ́yọ 99. Ìdí 110 ni Nigersaurus wà. Láti ìgbà Ànọ́bì wa títí di òní kò tó etí hóró kìn-ín-ní. Nítorí náà, sinimá tí ó bá fi ènìyàn àti dáínósọ̀ sí ojú kan, ìtàn àròsọ ni.

Àwọn kan yóò bèèrè bóyá ọmọ lè fi amọ̀ mọ ẹranko náà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kò fi ẹnu kò lórí ère, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn fi àyè gba ohun ìṣeré ọmọdé, nítorí hádíìsì fi hàn pé Àíṣà fi ọmọlangidi ṣeré nínú ilé Ànọ́bì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó mọ ẹsẹ̀ tàbí eyín nìkan.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì, ọmọ náà tún wá, amọ̀ wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó ní, "Àfáà, eegun adìẹ 23 ni mo wú. Kò sí èyí tí ó ṣẹ́." Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní òun ni òun ka á fún un. Mo ní kí àwọn méjèèjì lọ fọ ọwọ́, kí a lọ kírun.