Eégún Aláré: Ẹnu Dákẹ́, Aṣọ Ń Sọ̀rọ̀

 Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Agége àti Ògbà ń bi mí pé: Bàbá, eré tí eégún kò ti sọ̀rọ̀, kí la fẹ́ rí kọ́ níbẹ̀? Wọ́n ní ó yẹ kí ẹnì kan gbé máìkì dání, kó máa ṣàlàyé bí idán ṣe ń lọ. N kò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1826, Hugh Clapperton, ará Sikọ́tilándì, ṣe àlejò Aláàfin Májòtú. Wọ́n ṣe eré eégún fún un, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1829. Àwọn tí àpò bò mọ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n jó, wọ́n tàkìtì. Lẹ́yìn wọn ni òjòlá ńlá kan yọ orí. Ìkẹta ló wá dùn jù. Àpò kan ṣí díẹ̀díẹ̀, eégún funfun kan yọ, ó rù hangogo. Ó ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí, ó ń fín aáṣáà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń wo ojú àlejò bóyá eré náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lóòótọ́, àwọn olorì ń kọrin láàárín eré, ṣùgbọ́n eégún kò la ẹnu. Òyìnbó náà mọ̀ pé òun àti irú òun ni wọ́n ń ṣe.

Ó ti tó nǹkan bí igba ọdún báyìí. Àwọn ọ̀jẹ̀ ṣì ń ṣe idán Òyìnbó pẹ̀lú imú gígùn. Aṣọ kan náà á yí padà, á di ìyàwó, á di ọ̀nì, á di ọlọ́pàá. Bó ṣe ń yí, ẹ má bi mí. Awo ọlọ́jẹ̀ ni.

Ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀, èyí tí UNESCO kéde ní 2001 pé ogún aráyé ni. Ní òru, Ẹ̀fẹ̀ á kọrin, á bú ẹni tó yẹ ní bíbú. Ní ọ̀sán, ijó ni. Àwọn ère mìíràn wà lórí eléré tó jẹ́ pé okùn ni wọ́n fi ń fà á, tí ọmọ igi á máa mira.

Ẹ wo agọ̀ eégún ìdílé pàápàá. Lọ́pọ̀ ilé, aṣọ tuntun ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́dọọdún láìyọ ti àtijọ́ kúrò. Àǹkárá ti ọmọ wà lókè, sányán bàbá ńlá wà nísàlẹ̀. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò ní orúkọ lọ́jọ́ náà. Èèwọ̀ ni kí a dá a mọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ṣífù ní ọ̀nà Ọba Akran, káàdì ni wọ́n fi ń mọ̀ yín ní géètì. Ọmọ yín tí ẹ bí sí Agége kò gbọ́ ẹnà ọ̀jẹ̀, aládùúgbò yín lè jẹ́ Ígbò tàbí Ẹ̀gùn. Gbogbo wọn ló lè ka ẹsẹ̀ eégún bí kò bá sí aláriwo tó ń dí wọn lọ́wọ́. Owó tí ẹ fẹ́ fi háyà máìkì lọ́dún yìí, ẹ fi kún owó àwọn onílù bàtá, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé jókòó níwájú.