Ojú Là, Ọpọlọ Ò Ríran

Ẹ ka ìlà kan lórí kọ̀ǹpútà, kò yé yín. Ẹ tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, pàbó ni. Oorun kò kùn yín, ara yín sì le. Ọ̀gá tó bá bá yín níbẹ̀ lè pè yín ní ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọ̀lẹ rárá.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì máa ń tẹjú mọ́ rádà nínú bàálù, wọ́n ń wá àmì bíńtín tó lè jẹ́ ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì. Bó bá ti pẹ́ díẹ̀, àmì á kọjá níwájú wọn, wọn ò ní rí i. Norman Mackworth tó ń ṣèwádìí ní Cambridge wá ṣe aago kan tí kò ní nọ́ńbà lójú. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló ní, ó ń fò díẹ̀díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń fo ìlọ́po méjì. Kí ẹni tó jókòó tì í ṣáà ti fi hàn pé òun rí ìfò gígùn yẹn, ó parí. Wákàtí méjì gbáko ni. Nínú àbájáde tó tẹ̀ ní 1948, lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni wọ́n ti ń pàdánù púpọ̀ sí i. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí wọ́n sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó pa dà, kò rí bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú orí? Ní 2022, àwọn olùwádìí ní Páríìsì fún àwọn kan ní iṣẹ́ ọpọlọ tó le fún wákàtí tó lé ní mẹ́fà, wọ́n fún àwọn mìíràn ní èyí tó rọrùn. Wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ọpọlọ wọn wò, wọ́n sì rí i pé èròjà kan tó ń jẹ́ glutamate ti pọ̀ jọ níwájú ọpọlọ àwọn tí iṣẹ́ wọn le, níbi tí a fi ń kó ara wa níjàánu. Bí eérú ṣe ń kún àdògán ni: ẹ máa ki igi bọ̀ ọ́, iná kò ní jó dáadáa. Nígbà tí wọ́n ní kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ yan owó, owó kékeré tó máa tètè dé ni wọ́n túbọ̀ ń fara mọ́ ju ńlá tó máa pẹ́ lọ. Nítorí náà, ọ̀gá tó ń ṣọ́ ìsinmi mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, owó àṣìṣe ló ń san.

Ẹ jọ̀ọ́, fóònù kì í ṣe ìsinmi. Ojú kan náà, ọpọlọ kan náà lẹ tún ń lò. Ìrìn láàárín igi yàtọ̀ sí ìyẹn: ní Michigan, ìwádìí kan tó jáde ní 2008 fi hàn pé nígbà tí àwọn èèyàn rìn láàárín igi, wọ́n rántí nọ́ńbà dáadáa ju ìgbà tí wọ́n rìn ní àárín ìlú lọ, kódà nínú òtútù tí kò dùn mọ́ wọn.

Ní ọ̀pọ̀ ọgbà ọ́fíìsì l'Ékòó, igi fúrúùtù kan ṣì wà lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀, tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ti gbé bẹ́ǹṣì sí. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ lọ bá a jókòó.