Nọ́ọ̀sì Kọ́ Ni Mo Lọ Kà

“Nọ́ọ̀sì ni ẹ ń kà, àbí?” Ìbéèrè tí àwọn ọmọ Yorùbá ń bi mí ní òde ìnáwó ní Houston nìyẹn, láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé mo padà sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọmọ ọdún 46. Bí mo bá dáhùn pé ìmọ̀ ìlera àwùjọ ni, wọn a dákẹ́ díẹ̀. Wọn a wá ní, “Ṣé owó wà níbẹ̀?” Ọkọ mi pàápàá kò fọhùn. Owó ilé tí à ń san lóṣooṣù ni ó ń ṣírò, n kò sì lè dá a lẹ́bi.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ni mo wọ̀, níbi tí ènìyàn ti lè fi ọdún méjì gba nǹkan bíi kírẹ́díìtì 60 kí ó tó kọjá sí yunifásítì. Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, kíláàsì ìrọ̀lẹ́ sì wà fún àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, olùkọ́ wa sọ ìtàn John Snow, dókítà tí ó tọpa àrùn onígbáméjì ní Broad Street, ní London, ní 1854. Ó ń bèèrè láti ilé dé ilé ibi tí àwọn tí ó kú ti ń pọn omi. Ẹ̀rọ omi kan ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Wọ́n bá yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àrùn náà ti ń rọlẹ̀ ṣáájú.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Wolé-wolé ni ọkùnrin yìí!

Ní agbo ilé wa ní Ìbàdàn, bí a bá ti gbọ́ pé wolé-wolé ń bọ̀, ìyá àgbà a sáré lọ ṣí àmù wò. Bí ọmọ ẹ̀fọn bá ń jó nínú omi, wọn a dà á nù, ó sì lè di ẹjọ́. Ọ̀tá ni a kà wọ́n sí. Kò sí ẹni tí ó là á yé wa pé irú ẹ̀fọn tí ń yé sínú ìkòkò omi ilé ni ó ń gbé ibà pọ́njú kiri.

Ebola tí ó wọ Èkó ní oṣù keje 2014 ni mo fi ṣe iṣẹ́ kíkọ mi àkọ́kọ́. Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn náà kúrò ní ilé ìwòsàn. Àrùn náà pa òun gan-an. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá ń kan ilẹ̀kùn àwọn tí ó fara kan aláìsàn, wọ́n ń wo ìgbóná ara wọn fún ọjọ́ 21. Ènìyàn 20 ni ó kó o, 8 kú, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkọ mi ka ìwé náà lórí tábìlì oúnjẹ, ó tún un kà.

“Ènìyàn 20 péré, ní gbogbo Nàìjíríà?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó pa ìwé náà dé. “Ìyá Ìbejì, lọ sùn. Èmi ni n ó gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́la.”