Bí ẹ bá fara pa ní Kútọnu: ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ kí ẹ tó wọkọ̀ padà sílé

Ojoojúmọ́ ni àwọn èèyàn wa ń gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Kútọnu. Àwọn kan ń lọ rajà ní Dantokpa, àwọn mìíràn ń lọ sóde ìgbéyàwó. Ọ̀kadà, tí wọ́n ń pè ní zémidjan níbẹ̀, ló ń gbé ọ̀pọ̀ wọn kiri ìlú. Bí ọ̀kadà bá ṣubú tí ẹsẹ̀ sì kán, ẹni tí ò gbọ́ Faransé lè gba ìtọ́jú tí kò péye, kó tún máa dúpẹ́ pé wọ́n ti tọ́jú òun.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí P.O.P. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán máa ń wú fún ọjọ́ díẹ̀. Bí wọ́n bá fi P.O.P dì í pinpin lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò ní sáyè tó lè wú sí. Ẹ̀jẹ̀ ò ní lè dé ibi tó yẹ kó dé, ẹran ara sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín nǹkan bíi wákàtí 6. Àwọn àmì rẹ̀ nìyí: ìrora tó ń le sí i bí ẹ tiẹ̀ ti lo oògùn, ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó tutù, tó yí àwọ̀ padà, tàbí tí kò mọ nǹkan lára mọ́. Tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ má dúró kílẹ̀ mọ́, ẹ má sì wọkọ̀ Èkó. Ẹ padà síbẹ̀ kíákíá, kí wọ́n la P.O.P náà.

Báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́? "Trop serré" ni Faransé ń pe nǹkan tó bá fún jù. Ẹ tún bèèrè òṣìṣẹ́ tó gbọ́ Yorùbá. Wọn ò ṣọ̀wọ́n ní Kútọnu, torí pé èdè ilé ni fún ọ̀pọ̀ ará Àjàṣẹ́, Kétu, Sakété àti Pobè.

Tí egbò bá wà lójú ibi tó kán, ó yẹ kí wọ́n fọ̀ ọ́ dáadáa, kí wọ́n fún yín ní oògùn tó ń pa kòkòrò lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì bèèrè ìgbà tí ẹ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá kàn fẹ́ rán an pa, ẹ bèèrè ìdí.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ gba fọ́tò X-ray, ìwé tí dókítà kọ ohun tó ṣe sí, orúkọ oògùn àti rìsíìtì. Kò burú tí ìwé náà bá jẹ́ Faransé. Wọ́n á rẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn egungun Igbobi, X-ray ò sì nílò ògbufọ̀.

Ẹ̀yin tó ń wakọ̀ tiyín lọ, ẹ má ṣi Brown Card ECOWAS lóye. Kútọnu náà ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ lọ́dún 1982. Ẹni tí ọkọ̀ yín bá ṣe léṣe ló wà fún, kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀yin tí ẹ wa ọkọ̀. Adójútòfò ìrìnàjò ló lè gba tiyín rò. Ẹ kọ nọ́mbà wọn sínú fóònù, kí ẹ sì fún ẹnì kan nílé.

Àjèjì lẹ jẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín ni. Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.