Iṣẹ́ Dígí ní Ilé-Ifẹ̀, àti Ẹ̀kọ́ tí Ó Kọ́ Wa

Kò sí ẹni tí yóò rìn láti Agége dé Ìkẹjà tí kò ní rí ìgò lọ́nà. Láti 1962 tí ilé iṣẹ́ Guinness ti ṣí ní Ìkẹjà ni ìgò ti ń wọlé tí ó sì ń jáde ní agbègbè yìí bí omi odò. Kì í ṣe ohun tí ó wà nínú ìgò náà ni a fẹ́ sọ o, bí kò ṣe ìgò fúnra rẹ̀. Bí a bá bi àwọn ọmọ ilé-ìwé wa léèrè pé ta ni ó kọ́kọ́ ṣe dígí ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ wọn yóò dáhùn pé òyìnbó ni. Ìdáhùn náà kò tọ̀nà, ó sì yẹ kí àwa tí a ń múra láti di olùkọ́ lè sọ ìdí rẹ̀.

Yanrìn ni ìpìlẹ̀ dígí. Ṣùgbọ́n yanrìn nìkan ṣòro láti yọ́. Iná rẹ̀ ní láti gbóná tó nǹkan bí 1,700 ní ìwọ̀n Celsius. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ ṣe ń po sódà tàbí irú eérú kan mọ́ ọn kí ó lè tètè yọ́, wọn a sì fi ẹfun sí i kí omi má baà jẹ ẹ́ nígbà tí ó bá tutù. Wọn a tún da àfọ́kù ìgò sí i, nítorí àfọ́kù a máa yọ́ ju ohun titun lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́ tán, a máa fà bí oyin. Nígbà náà ni a lè fẹ́ ẹ, tí a sì lè fà á gùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́ ìgò tí ó wà ní Agbárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó ń ṣe níbẹ̀ ohun tí ẹnu àti ọwọ́ ń ṣe látijọ́.

Ní ìhà àríwá Ilé-Ifẹ̀ ni ibì kan wà tí à ń pè ní Igbó Olókun. Ní 1910 ni Leo Frobenius, ará Jámánì, dé ibẹ̀. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀, ó sì rí àfọ́kù ìkòkò amọ̀ tí dígí aláwọ̀ oríṣiríṣi lẹ̀ mọ́ inú wọn. Ṣùgbọ́n kò lè gbà pé ọwọ́ ènìyàn dúdú ni iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ ti wá. Ó ní àwọn ará Atlantis, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì, ni wọ́n mú un dé. Àwọn mìíràn tí ó tẹ̀lé e gbà pé dígí òkèèrè ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń yọ́.

Ní 2017 ni Abídèmí Babátúndé Babalọlá, ẹni tí ó wa ilẹ̀ Igbó Olókun, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n rí ju 12,000 lọ. Àfọ́kù ìkòkò ìyọ́dígí sì ju 800 lọ. Láàárín nǹkan bí ọdún 1000 àti 1500 lẹ́hìn ìbí Olúwa wa ni a ṣe wọ́n. Nígbà tí wọ́n yẹ dígí náà wò, ẹfun àti alùmínà inú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi bá dígí òkèèrè mu; irú òkúta tí ó wà ní agbègbè Ifẹ̀ ni ó bá mu, ẹfun rẹ̀ sì lè jẹ́ ti ìkarahun ìgbín. Àwọn baba wa a fa dígí náà gùn bí ọ̀pá oníhò, wọn a sì gé e wẹ́wẹ́. A ti rí irú rẹ̀ ní Igbo-Ukwu, àti ní Gao létí odò Ọya ní ilẹ̀ Mali.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Frobenius fi dé, ńṣe ni wọ́n ń wa ìlẹ̀kẹ̀ nínú ilẹ̀ Ifẹ̀. Wọn kò ṣe é mọ́. Ọmọ ń wa iṣu tí baba gbìn, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń kọ ebè. Ní Bida, ní ilẹ̀ Nupe, àwọn Masaga di iṣẹ́ tiwọn mú títí di ìgbà tiwa, ìgò ni wọ́n sì ń yọ́ di ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé abúlé kékeré kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, Meisenthal ni orúkọ rẹ̀. Ní 1704 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ dígí sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí igi ìdáná pọ̀ nínú igbó wọn. Òkìkí rẹ̀ kàn, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà nì, Émile Gallé, sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1969 iná iléru wọn kú. Àwọn ará abúlé náà kò káwọ́ gbera. Ní 1983 wọ́n ṣí ilé kan tí a ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ náà sí. Ní 1992 wọ́n dá ibùdó sílẹ̀ kí ìmọ̀ àwọn àgbà oníṣẹ́ má baà bá wọn lọ sí isà òkú. Lónìí, bọ́ọ̀lù dígí tí wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń so mọ́ igi Kérésìmesì.

Ẹ̀yin ará, àwọn ará Meisenthal kò gbọ́n ju àwọn ará Ifẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ́ ọmọ nígbà tí àgbà ṣì wà láàyè. Iṣẹ́ tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí gan-an nìyẹn.

Nítorí náà a dá a lábàá pé kí àwọn tí yóò lọ kọ́ni ní Agége, Ọ̀gbà àti Ìkẹjà ya ẹ̀kọ́ kan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Kí olùkọ́ mú ìgò kan tí kò fọ́ wá sí kíláàsì, pẹ̀lú ẹ̀kún ọwọ́ yanrìn àti ìkarahun ìgbín. Kí ó fi ilé-Ifẹ̀ hàn wọ́n nínú àwòrán ilẹ̀ wa. Lẹ́hìn náà kí ó rán wọn lọ bi àwọn àgbà ilé wọn pé iṣẹ́ ọwọ́ wo ni ìdílé wọn mọ̀, ta ni ó sì mọ̀ ọ́n síbẹ̀. Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sínú ìwé. Bí ọmọ kan bá sì béèrè bí òkúta Ifẹ̀ ti ṣe di ìlẹ̀kẹ̀, kí olùkọ́ rẹ̀ má ṣe dákẹ́.