Tọ́rọ́, Sísì, Ṣílè: Àwọn Orúkọ Owó Àtijọ́ àti Ibi Tí Wọ́n Ti Wá

Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ní Èrúwà, Igbó-Ọrà àti gbogbo ilẹ̀ Ìbàràpá ni ó ti gbọ́ kí àgbà sọ pé òun kò ní tọ́rọ́ lápò. Ọmọ mọ̀ pé owó ni àgbà ń wí, ṣùgbọ́n kò mọ iye tí tọ́rọ́ jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ju ti ẹnu lásán lọ. Ìwé ilẹ̀, ìwé gbèsè àti rìsíìtì owó orí tí àwọn bàbá àgbà fi sílẹ̀ wà nínú àpótí ní ilé púpọ̀, pọ́n-ùn àti ṣílè ni wọ́n sì fi kọ iye inú wọn. Ọmọ tí kò mọ àwọn orúkọ wọ̀nyí kò lè ka ìwé ìdílé rẹ̀ já.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀

Kọ́bọ̀ 12 ni ṣílè kan. Ṣílè 20 ni pọ́n-ùn kan. Nítorí náà, kọ́bọ̀ 240 ni ó wà nínú pọ́n-ùn kan.

Nínú ìwé àtijọ́, £ dúró fún pọ́n-ùn, s dúró fún ṣílè, d sì dúró fún kọ́bọ̀. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ d? Èdè Látìn, èdè àwọn ará Róòmù, ni àwọn àmì náà ti wá: libra, solidus àti denarius. Libra jẹ́ orúkọ òṣùwọ̀n. Ní ayé àtijọ́, fàdákà tí ó wọn pọ́n-ùn kan ni àwọn Òyìnbó fi ń rọ ẹyọ owó 240. Ibẹ̀ ni 240 ti wá.

Ìtumọ̀ àwọn orúkọ náà

*Ọ̀níní:* ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀. Ní 1907 ni wọ́n kọ́kọ́ rọ ọ́ fún ilẹ̀ wa. Ó ní ihò láàárín, kí àwọn ènìyàn lè sín in sókùn bí wọ́n ti ń sín owó ẹyọ.

*Eépìnnì:* ìdajì kọ́bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni, "halfpenny", bí àwọn Òyìnbó ti ń pè é ní kíákíá.

*Kọ́bọ̀:* láti ara "copper", ìyẹn bàbà. Àwọn Òyìnbó fúnra wọn máa ń pe owó kékeré bẹ́ẹ̀ nítorí pé bàbà ni wọ́n fi ń rọ ọ́. Ní Sàró, "kopo" ni wọ́n ń pe owó ní èdè Kírió títí di òní.

*Tọ́rọ́:* kọ́bọ̀ mẹ́ta, láti ara "threepence". Ní Gánà, "tro" ni àwọn ará Gàá ń pè é. Tọ́rọ́ ni owó ọkọ̀ nígbà náà, òun ni wọ́n fi ń pe ọkọ̀ akérò wọn ní "trotro" di òní olónìí.

*Sísì:* kọ́bọ̀ mẹ́fà, láti ara "sixpence". Ẹ má ṣe ṣì í mú fún sísí, ọ̀dọ́bìnrin ológe, tí ó wá láti ara "sister". Àmì ohùn ni ó yà wọ́n.

*Ṣílè:* kọ́bọ̀ méjìlá, láti ara "shilling".

Ọ̀rọ̀ a máa lọ, a sì máa bọ̀. Láti 1663 ni àwọn Òyìnbó ti ń rọ owó wúrà kan tí wọ́n pè ní "guinea", nítorí pé etíkun Gínì, ní ìhà tiwa níhìn-ín, ni wọ́n ti ń kó wúrà rẹ̀ lọ. Láti 1717, ṣílè 21 ni iye rẹ̀. Ní 1814 ni wọ́n rọ ọ́ kẹ́yìn.

Ìgbà tí owó yí padà

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì 1971, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa ṣílè tì, wọ́n pín pọ́n-ùn sí ọ̀nà 100. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, Nàìjíríà náà fi pọ́n-ùn sílẹ̀, ó gba náírà. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, náírà kan sì di kọ́bọ̀ 100. Báyìí ni kọ́bọ̀, tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ọjà, ṣe di orúkọ tí ìjọba tẹ̀ sára owó.

Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ènìyàn kò yí padà bí ìjọba ti fẹ́. Kọ́bọ̀ 5 ni wọ́n ń pè ní sísì, kọ́bọ̀ 10 sì ni ṣílè. Títí di òní, àwọn oníṣòwò ń pe igba náírà ní àpò kan, nítorí ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni. Ẹgbẹ̀rún náírà wá di àpò márùn-ún.

Owó ẹyọ pàápàá kò tíì kúrò lẹ́nu wa. Ọ̀kẹ́ kan ni ẹgbàáwàá, ìyẹn 20,000. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni mílíọ̀nù kan: ẹ fi 50 sọ 20,000 di púpọ̀, ẹ ó rí i.

Àpẹẹrẹ kan

Bí ẹ bá rí £4 7s 6d nínú ìwé, ẹ kà á báyìí: pọ́n-ùn mẹ́rin, ṣílè méje àti sísì kan. Ní 1973, pọ́n-ùn mẹ́rin di náírà 8, ṣílè méje di kọ́bọ̀ 70, sísì di kọ́bọ̀ 5. Àpapọ̀ rẹ̀ ni ₦8.75.

Ẹ kíyè sí i o: èyí kò sọ pé ₦8.75 ni ilẹ̀ tí wọ́n rà ní iye náà tó lónìí. Iye tí owó lè rà ti yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè fi ojú kékeré wo ohun tí bàbá rẹ̀ fi òógùn ọdún púpọ̀ rà.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ lè ka nọ́ńbà inú ìwé, àgbà sì mọ ohun tí sísì kan ń rà lọ́jà nígbà náà. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ ṣí àpótí náà nígbà tí àgbà ṣì wà nílé.